Atọ́kùn Tí Kì í Dákẹ́

Bí Theoni Vlastari bá jáde lọ ra búrẹ́dì ní Pireas, kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í pè é láti òdìkejì títì pé, "A ò ní dákẹ́ o!" Òun náà á na ọwọ́ sókè, á ní, "Títí wọn yóò fi dá wa lóhùn!" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, oníbúrẹ́dì á sì fi ẹyọ kan ṣe ènì fún un. Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé tí obìnrin yìí ti ń jẹ èrè ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá nìyí. Lọ́dún tí ìdíje orin àwọn orílẹ̀-èdè dé Ateni, òun àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Iraklis ni wọ́n fi ṣe atọ́kùn. Àwọn olórin kọrin tán, ó ku kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n kó ka máàkì tó fún àwọn yòókù, ni gbogbo okùn tó so wọ́n pọ̀ bá já. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, gbogbo ayé ń wò, kò sì sí ohun tí wọn yóò wò. Iraklis la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja orí yìnyín. Theoni ló bọ́ síwájú tó ní, "Wọ́n ní ká dúró. A ó dúró, ṣùgbọ́n a ò ní dákẹ́." Ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko ló fi mú gbọ̀ngàn náà dání. Ó pa àwàdà ní èdè mẹ́ta. Ó fi Iraklis ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá kọ́ wọn ní orin ìrẹmọ́lẹ́kún tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń kọ ní abúlé Lithari, ní erékùṣù Hios, nígbà tí wọ́n bá ń ha oje igi mástíkì. Nígbà tí okùn yóò fi so padà, àwọn ènìyàn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ máàkì mọ́.

Láti ìgbà náà, ọdún tó bá ti yí po, tí wọ́n bá ní kí àwọn ènìyàn dìbò yan atọ́kùn tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn tó ti ṣe é rí, Theoni náà ni. Theoni, ọmọ igi tí ń sunkún tí ẹkún rẹ̀ ń ta sánsán. A-fohùn-dí-ihò bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ògiri. Obìnrin kúkúrú tó gbé gbọ̀ngàn pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kì í, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òkìkí kì í dá wá, ẹrù ló máa ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìdíje yẹn, gbogbo Lithari ló fẹ́ kó wá ṣe nona fún ọmọ wọn, ìyẹn ìyá ìsàmì tí í fi òróró pa ọmọ lára kí àlùfáà tó rì í bọmi. Theoni gbà, àmọ́ ó ní ọmọbìnrin nìkan lòun yóò mú. Gbogbo wọn mọ ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tó bá sàmì fún ọmọkùnrin, tó tún sàmì fún ọmọbìnrin, ó ti sọ àwọn méjèèjì di ọmọ ìyá kan náà níwájú Ọlọ́run. Wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ ara wọn títí ayé. Ní Lithari, wọ́n á ní òróró ti pàdé lọ́nà. Abúlé tí kò ju igba ilé lọ, ta ni yóò fẹ́ dí àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ́nà ọkọ àti aya? Àwọn tó bí ọkùnrin bínú, wọ́n ní òkìkí ti gùn ún. Theoni kò wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló sàmì fún lọ́dún náà. Myrsini ló ṣe ìkẹsàn-án, òun ló sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù, nítorí Theoni fúnra rẹ̀ kò bímọ.

Myrsini yìí ló mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá hàn án ní Sátidé kejì lẹ́yìn Àjíǹde, òun àti ìyá ọkọ. Theoni ti bu ṣẹ́rì tí wọ́n sè nínú ṣúgà sínú àwo pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ṣíbí kékeré àti ife omi tútù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Pantelis ni ọmọkùnrin náà ń jẹ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe ní èbúté. Ó ti fọ ọwọ́ títí, síbẹ̀ èérí iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti fi ẹnu ko ọwọ́ Theoni, ni àgbélébùú fàdákà kan bá yọ jáde lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fì síwá sẹ́yìn.

Apá òsì àgbélébùú náà tẹ̀.

Theoni mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Òun ni. Ọmọ ọdún méje lòun fúnra rẹ̀ nígbà náà, eyín ló fi tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí ìsìn gùn jù fún un. Ó gbé ojú sókè wo ìyá ọmọ. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ibi tí yóò gbà sá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìdíje ọjọ́sí ni, lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn. Theoni wọ ọkọ̀ ojú omi láti Pireas lọ sí Hios, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá kékeré kan kí àwọn tó ń pariwo "A ò ní dákẹ́" lè jẹ́ kó sinmi. Lọ́sàn-án gangan, ó gbọ́ igbe ní yàrá kejì. Ó sáré wọlé, ó bá ìyá kan níbẹ̀, òun nìkan, àti ọmọ àádọ́ta ọjọ́ tí gìrì ti mú, tí ètè rẹ̀ ti dúdú bí èso ólífì. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ti lọ wá dókítà, kò tíì dé. Àlùfáà kò sí nínú ọkọ̀. Ọmọ náà kò sì tíì lórúkọ, nítorí ọjọ́ ìsàmì lọmọ ń gba orúkọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí ènìyàn lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n: ẹni yòówù tí wọ́n bá ti sàmì fún rí lè gbé e sókè sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó má baà fi ayé sílẹ̀ láìní orúkọ níwájú Ọlọ́run. Ìyá ń ké, kò lè gbé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Theoni gba ọmọ. Àwòrán mímọ́ Nikolas, alábòójútó àwọn tí ń rìn lójú omi, wà lára ògiri. Orúkọ yẹn ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ní a sàmì fún Nikolas, ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ní orúkọ Baba, ó gbé e sókè. Àti ti Ọmọ, ó tún gbé e. Àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọ náà sín. Ó sín, ó figbe ta, ẹ̀jẹ̀ sì padà sí ètè rẹ̀. Theoni bọ́ àgbélébùú ọrùn ara rẹ̀, ó fi sí i lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní baba ọkọ òun ń retí àwọn ní Mitilini. Ó ti ra àgùntàn ìsàmì sílẹ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo ìlú pé orúkọ òun, Pantelis, ni ọmọ náà yóò jẹ́. Ọkùnrin náà le bí àpáta. Bí ó bá gbọ́ pé àjèjì kan ti sọ ọmọ ní Nikolas lójú omi, òun kò nílé ọkọ mọ́. Ìsàmì ẹyọ kan ni ènìyàn ní láyé. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n sọ fún àlùfáà, kó kàn parí èyí tó kù. Obìnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó di Theoni lẹ́sẹ̀ mú, ó ní kó fi àwòrán tó wà lára ògiri búra pé kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, àti àlùfáà pàápàá. Ayọ̀ ti pa Theoni bí ọtí. Ó búra. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Hios, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ sí Mitilini, ó rò pé ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé yìí, Theoni ní òun ń lọ se kọfí. Ìyá ọkọ, Kalliroi lorúkọ rẹ̀, ní òun yóò bá a gbé àwo. Àwọn méjèèjì dúró níwájú sítóòfù, ìkòkò kọfí kékeré wà láàárín wọn.

"Ẹ dá mi mọ̀," ni Kalliroi wí lábẹ́ ohùn.

"Àgbélébùú mi ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀."

"Mo sọ fún un pé ìyá mi ló fún un."

"Ṣé ìyá yín náà ló fi eyín jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Kalliroi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tí Pantelis dárúkọ nona ìyàwó tí yóò fẹ́, àwo ọbẹ̀ já bọ́ lọ́wọ́ òun. Òun ti sa gbogbo ipá láti tú wọn ká. Òun ní ọmọbìnrin náà gbéraga, òun ní ahun làwọn ará Hios, òun ṣe àìsàn tí kò ṣe òun; ọmọ kò gbọ́.

"Ẹ sọ fún un," ni Theoni wí. "Ẹ̀yin fúnra yín."

"Kí n sọ kí ni? Pé mo jẹ́ kí wọ́n sàmì fún un lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń fọ ṣòkòtò? Baba ọkọ mi ti kú, àmọ́ ọkọ mi wà láyé, ó sì ń pè mí ní olóòótọ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo máa ń ka gbogbo rẹ̀ fún àlùfáà, màá sì fo èyí."

"Ọmọ mi ni Myrsini. Ọmọ mi lọmọ yín náà. Ṣé ọwọ́ tí mo fi gbé àwọn méjèèjì lẹ fẹ́ kí n fi dé wọn ládé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí nona ti í ṣe fún ọkọ àti aya?"

"Ẹ ti búra fún mi, Kyria Theoni," ni Kalliroi wí, Kyria tí wọ́n fi ń pe ìyáàfin.

"Mo búra."

"Ó ti tán nìyẹn."

Kọfí hó, ó dà sórí iná. Láti pálọ̀, Myrsini ké sí wọn pé ṣé oko kọfí ni Nona lọ dá ni. Pantelis bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó gba gbogbo ilé kan, Theoni sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ló wá burú jù. Ká ní ọmọkùnrin náà ya ọ̀lẹ ni, tàbí ó ya ọ̀mùtí, ì bá ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ìgbà tí wọ́n gbé kọfí dé ni Myrsini tó tú àpò ọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń kó àwọn atọ́kùn tí ará ìlú fẹ́ràn jù jọ ní ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Theoni sì ti mọ ìyẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Fotis, olùdarí ètò náà, ti ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Wọn yóò kọ orin ìrẹmọ́lẹ́kún ọjọ́sí. Lẹ́yìn náà ni Pantelis yóò gbé adé ìgbéyàwó jáde nínú àwo, yóò sì bẹ Nona lójú gbogbo orílẹ̀-èdè pé kó wá gbé adé lé àwọn lórí. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu ni, Myrsini wí, ṣùgbọ́n ẹnu òun kò gbà á. Ó ń fò sókè sódò bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Theoni fi ẹnu kò ó lórí, ó ń wo Kalliroi láti ẹ̀yìn irun ọmọ náà. Kalliroi ń wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé ó fóònù Fotis. Ó ní kó bá òun yọ apá adé kúrò, ó ní ọ̀rọ̀ ilé ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta. Fotis rẹ́rìn-ín. Ó ní ìpolówó ti ń jáde láti ọjọ́ mẹ́rin pé ìyàlẹ́nu kan ń bọ̀, ojú Kyria Theoni ló wà lára bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú. Ó ní ẹni tó mú gbogbo ayé dání fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ṣé "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló wá fẹ́ nira fún un? Theoni rò ó pé kí òun díbọ́n àìsàn. Ó mọ̀ pé wọn yóò gbé kámẹ́rà wá bá òun lórí ibùsùn. Bí kámẹ́rà kò bá tilẹ̀ wá, Myrsini yóò wá. Kí ni yóò wí fún un? Bí ó bá ní òun kò gbé adé, ọmọ yóò bi í pé kí ló dé. Bí ó bá ní òun gbà, yóò dúró níwájú pẹpẹ Ọlọ́run, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí.

Ó gbàdúrà títí eékún fi ń dùn ún. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fóònù Papa-Sideris, àlùfáà arúgbó tó wà ní Lithari láti ìgbà tí Theoni ti wà lọ́mọdé. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó pa á lówe. Ó ní bí ènìyàn kan bá búra láti bo nǹkan mọ́lẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n sì wá ní kí ó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀? Arúgbó náà wúkọ́ kó tó dáhùn.

"Ìbúra tí o fi bo ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, ọmọ mi, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Má ṣe fọ́ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n má jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn náà, kí o wá máa kọrin pé kò sí nǹkan nínú ilé."

Theoni bi í pé kí ló wá kù.

"Ó ku kí o dúró," ni Papa-Sideris wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bóyá òjò ti rọ̀ ní Pireas.

Ọjọ́ Àìkú pé. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ètò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti yọ aṣọ aláwọ̀ wúrà ọjọ́sí jáde fún Theoni, wọ́n tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fi aṣọ kún un. Níwọ̀n ìgbà tí síìpù kò tì mọ́, wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ọn lára gbágbáágbá láti abíyá dé ìdí. Obìnrin tó ń rán an ní kó má mí kanlẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré sí i létí kí Fotis lè máa bá a sọ̀rọ̀ láti yàrá ìdarí. Wọ́n gbé e jókòó sáàárín àwọn atọ́kùn mẹ́ta mìíràn tí ará ìlú yàn. Iraklis wà níbẹ̀, ó ti kun irun rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun lòun jẹ́ kí Theoni di Theoni, nítorí ká ní òun rí ọ̀rọ̀ sọ lọ́jọ́sí, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Theoni náà rẹ́rìn-ín níwọ̀n bí aṣọ ti gbà á láyè mọ.

Kalliroi wà ní ìlà iwájú pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó gbé fìlà lé orúnkún. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ wà nínú ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde, wọ́n kọ orin náà. Àwọn ènìyàn gbè é, àwọn mìíràn sunkún. Iná pọ́n. Pantelis jáde láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú àwo fàdákà, adé méjì tí ọ̀já funfun so pọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó dúró ti Myrsini. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ, ṣùgbọ́n ó gbàgbé gbogbo rẹ̀, ó kàn ní, "Nona, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé adé."

Theoni dìde. Ó la ẹnu.

Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ibi tí ẹnu yìí bá ti là ni ọ̀rọ̀ máa ń wà. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ báyìí náà, wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹran nínú agbo, èyíkéyìí tó bá sì jáde yóò pa ẹnì kan. "Bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ irọ́. "Rárá" yóò bí ìbéèrè, ìbéèrè yóò sì fọ́ ilẹ̀kùn. Bí ó bá pa àwàdà, orin lẹ́nu ilẹ̀kùn nìyẹn. Ó pa ẹnu dé.

Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Fotis ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ pé ó dùn, ó dùn, kó jẹ́ kó wọ̀ wọ́n lára. Mẹ́wàá. Ó ní ó ti tó, Kyria Theoni, ẹ dá ọmọ lóhùn. Ogún. Ó ní ṣé ara yín le? Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "A ò ní dákẹ́!" Àwọn ènìyàn fi ẹ̀rín bò ó, ẹ̀rín náà sì kú díẹ̀díẹ̀ bí iná tí epo tán nínú rẹ̀. Iraklis dìde láti fi ọ̀rọ̀ dí ihò náà, Theoni na àtẹ́lẹwọ́ sí i láìwò ó, ó padà jókòó. Theoni wá yọ ẹ̀rọ kúrò létí. Ó gbé e sínú àwo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ adé, ohùn Fotis ń ké tín-ín-rín nínú rẹ̀ bí ohùn yànmùyánmú. Ó dúró.

Kò wo Kalliroi. Ó ti pinnu pé òun kò ní wò ó, nítorí ojú náà ń sọ̀rọ̀. Àgbélébùú ọrùn Pantelis ló tẹjú mọ́, apá òsì rẹ̀ tó tẹ̀. Olúwa, ó ń wí nínú ara rẹ̀, mi ò fọ́ ilẹ̀kùn o. Mi ò sì kọrin. Òógùn ń sàn lábẹ́ aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ọn, okùn kan já ní ìhà, ó gbọ́ ọ bí ó ti já, nítorí gbogbo ilé ti pa rọ́rọ́. Myrsini ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ ti fi í sílẹ̀.

Ní ìlà iwájú, ìjókòó kan dún.

"Ẹ má bi í mọ́," Kalliroi wí. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó so kọ́ lókè gbé e. "Èmi ni mo dí i lẹ́nu."

Ó sọ ọ́. Kò ṣe é ní ìtàn tó dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó padà sẹ́yìn, ó sọ ti gìrì, ti àwòrán ara ògiri, ti ọwọ́ tó gbé ọmọ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ti orúkọ tó pa mọ́ nítorí ìbẹ̀rù arúgbó kan àti àgùntàn kan. Ó ní ilé Ọlọ́run méjì ni òun ti purọ́ sí, ibi tí wọ́n ti tún sàmì fún ọmọ àti ibi tí òun ti ń jẹ́wọ́. Nígbà tó ṣe tán, kò jókòó, ó kàn dúró pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n wá mú òun.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá bá a. Fotis fi orin sí i, ó sì lé kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ àwọn onílù.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò dúró sí. Ọkọ Kalliroi ń yí fìlà rẹ̀ po ní ọwọ́. Gbogbo wọn ń retí pé yóò bú, tàbí yóò jáde lọ. Ó ní, "Nikolas. Orúkọ gidi ni." Ó wá jókòó sórí àpótí kan, ó sì fi fìlà bojú. Kalliroi kò lè sún mọ́ ọn, kò sì lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Pantelis di àgbélébùú ọrùn rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin lẹ gbé mi?"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Theoni dáhùn.

"Ṣé mo wúwo?"

"Bíi búrẹ́dì kan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń sunkún. Myrsini ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣì gbé àwo náà dání pẹ̀lú adé méjèèjì, kò sí ẹni tó rántí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Nona rẹ̀ pé kí lèyí wá sọ òun àti Pantelis dà. Theoni kò mọ̀, ó sì sọ fún un pé òun kò mọ̀. Ọmọbìnrin náà bi í bóyá ó mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá jẹ ṣẹ́rì. Theoni ní òun mọ̀. Myrsini gbé àwo náà kalẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ògiri, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ. Fún oṣù mẹ́ta kò gbé fóònù rẹ̀.

Papa-Sideris ló kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù. Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọdún Ìyá Mímọ́ ní oṣù kẹjọ. Wọ́n ní ohun tí obìnrin náà ṣe nínú ọkọ̀, àánú ni. Kò sí òróró nínú rẹ̀. Òróró ẹlòmíràn ló wà lára ọmọkùnrin náà. Àwọn méjèèjì lè fẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọ̀kan sókè tó sì sàmì fún èkejì kò gbọdọ̀ gbé adé lé wọn lórí. Ti Kalliroi, ọdún kan ni kò ní jẹ oúnjẹ mímọ́, yóò sì máa dọ̀bálẹ̀ níwájú Ọlọ́run nígbà ogójì lójoojúmọ́. Ó gba ìyà rẹ̀ bí ẹni gba oúnjẹ. Ní Lithari, àwọn kan ní bíṣọ́ọ̀bù kò mọ̀ nípa òróró. Ìyá àgbà Myrsini ní òun kò ní wá síbi ìgbéyàwó, kò sì wá.

Ṣùgbọ́n Myrsini fóònù Nona rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹjọ náà. Kò tọrọ àforíjì, kò sì bínú. Ó bi í bí wọ́n ṣe ń se ṣẹ́rì inú ṣúgà.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ìjọ Lithari. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́jọ yòókù ló dúró níbi tó yẹ kí Theoni dúró. Theoni wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ àbẹ́là, níbi tí àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn máa ń dúró sí. Àtọdúnmọ́dún tí ó ti ń dúró síwájú ènìyàn, kò mọ̀ pé ibi tí ojú ò tó báyìí ń bẹ. Kalliroi wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ìyà tí bíṣọ́ọ̀bù fi jẹ ẹ́. Nígbà tó pẹ́, Kalliroi sún àga fún un.

Papa-Sideris súre. Ọmọbìnrin náà di adé méjèèjì mú, ó gbé wọn kọjá lórí ara wọn, láti orí ọkọ sí orí aya, láti orí aya sí orí ọkọ. Theoni ń kà á lábẹ́ ètè. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, èéfín tùràrí yí gba iwájú pẹpẹ, ó wọ Pantelis nímú, ó sì sín.

"Ìlera, ọmọ mi," ni Theoni wí láti ẹ̀yìn, kí ó tó mọ̀ pé òun ti sọ̀rọ̀, gbogbo ìjọ sì yíjú wò ó.